Kọ̀ǹpútà mẹ́ta, orúkọ mẹ́ta, fódà kan: bí Windows, Mac àti Ubuntu ṣe lè jọ lo fáìlì kan náà

Ìbéèrè: Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà ní ọ́fíìsì wa. Ubuntu ni èyí tí fáìlì iṣẹ́ wà lórí rẹ̀, mo sì ti fi Samba, ètò tó ń jẹ́ kí Windows àti Mac rí fódà rẹ̀, sí i. Windows 11 ni ìkejì, MacBook ni ìkẹta. Ímeèlì mi ni mo fi ń wọ Windows, orúkọ mi lórí Ubuntu ni "kunle", lórí Mac ó jẹ́ "adekunleo". Windows ń béèrè páswọ́ọ̀dù léraléra, bí mo bá sì tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ, kò gbà. Mac ń wọlé ní tirẹ̀, àmọ́ fáìlì tí ọ̀gá mi bá fi síbẹ̀, kíkà nìkan ni mo lè kà á, mi ò lè tún un ṣe. Ṣé dandan ni kí n sọ orúkọ gbogbo wọn di ọ̀kan ṣoṣo?

Ìdáhùn: Rárá o, kò pọn dandan. Ẹ fi orúkọ tó wà lórí Windows àti Mac sílẹ̀ bó ṣe wà. Ubuntu ló ni fódà, òun náà ló ń ṣílẹ̀kùn, nítorí náà orúkọ tó bá wà nínú ìwé Ubuntu nìkan ló já mọ́ nǹkan. Ẹ dá àkáǹtì sílẹ̀ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan lórí Ubuntu, kí ẹ wá sọ fún Windows àti Mac pé nígbàkígbà tí wọ́n bá ń lọ sọ́dọ̀ Ubuntu, orúkọ yìí ni kí wọ́n máa dá. Ìṣòro kejì, ti fáìlì tí kò ṣeé tún ṣe, kò kan orúkọ rárá. Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda lórí díìsìkì nìyẹn, ọ̀tọ̀ sì ni oògùn rẹ̀.

Ìdí tí Windows fi ń kọ̀ láti gba páswọ́ọ̀dù tó tọ̀nà

Tí ẹ bá tẹ `\\192.168.1.10` sínú File Explorer (ká ní àdírẹ́sì Ubuntu yín nìyẹn), Windows kì í kọ́kọ́ bi yín léèrè nǹkan kan. Orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tí ẹ fi wọ Windows fúnra rẹ̀ ló máa fi kan ilẹ̀kùn ná, láìsọ fún yín. Ní tiyín, ímeèlì ni. Samba yẹ ìwé rẹ̀ wò, kò rí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kó dá a padà, àmọ́ ìlà kan wà nínú smb.conf, fáìlì ètò Samba, tó máa ń bá Ubuntu wá:

`map to guest = bad user`

Ohun tí ìlà yìí ń sọ ni pé ẹni tí a kò bá mọ orúkọ rẹ̀, kí a gbà á bí àlejò. Samba kò lé Windows, kò sì dá a mọ̀. Windows 11 Pro láti ẹ̀yà 24H2 kì í gbà bẹ́ẹ̀: ó fẹ́ kí wọ́n máa buwọ́ lu gbogbo ohun tó ń kọjá láàárín òun àti Ubuntu, àlejò kò sì ní páswọ́ọ̀dù tí wọ́n lè fi buwọ́ lù ú. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi ń rí ọ̀rọ̀ tó sọ pé ìlànà ààbò iléeṣẹ́ yín kò fàyè gba àlejò, bẹ́ẹ̀ iléeṣẹ́ náà kò ṣe ìlànà kankan rí.

Windows tó ti pẹ́ díẹ̀ máa ń gbà. Ó wọlé bí àlejò, ó rí orúkọ fódà, àmọ́ nígbà tó fẹ́ ṣí i, Samba ní àlejò kò láṣẹ ibẹ̀. Ìgbà yìí ni fèrèsé páswọ́ọ̀dù yọ. Ẹ tẹ kunle, ẹ tẹ páswọ́ọ̀dù tó tọ̀nà, Windows tún kọ̀ ọ́. Páswọ́ọ̀dù kọ́ ló ṣẹ̀: Windows kì í jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo fi orúkọ méjì wọ kọ̀ǹpútà kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ti wà níbẹ̀ bí àlejò. Àṣìṣe 1219 ni wọ́n ń pè é. Tí ẹ bá lo `net use` nínú Command Prompt, ó máa sọ ọ́ kedere, àmọ́ fèrèsé tó ń béèrè páswọ́ọ̀dù kì í sábà dárúkọ rẹ̀, á kàn tún béèrè ni.

Nítorí náà, ẹ yí ìlà yẹn padà sí `map to guest = never`. Láti ìgbà náà lọ, orúkọ tí Samba kò bá mọ̀, kíkọ̀ ni yóò kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, Windows á sì béèrè orúkọ mìíràn lọ́wọ́ yín kó tó di pé ó jókòó síbẹ̀ bí àlejò.

Ẹ óò rí àwọn tó máa ní kí ẹ lọ ṣí `AllowInsecureGuestAuth`, ètò tó ń jẹ́ kí Windows máa wọlé bí àlejò, lórí Windows. Mi ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Ó máa jẹ́ kí fódà ṣí lóòótọ́, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá mọ páswọ́ọ̀dù Wi-Fi yín á lè wọlé, àti ẹni tí ẹ gbà lálejò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èyí tó tún burú jù ni ìmọ̀ràn pé kí ẹ tan SMB1, ẹ̀yà àtijọ́ ti ìlànà tí Windows àti Samba fi ń pín fáìlì, padà. Ara SMB1 ni kòkòrò WannaCry gbà wọ inú àìmọye kọ̀ǹpútà ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, Samba fúnra rẹ̀ sì ti pa á láti ẹ̀yà 4.11. Kò sí ohun tí ẹ nílò nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ tó wà lórí Ubuntu

Ẹ ṣí Terminal, kí ẹ wo àwọn tí Samba mọ̀:

`sudo pdbedit -L`

Bí kunle kò bá sí níbẹ̀, ìyẹn náà ń dá kún wàhálà yín. Samba ní ìwé páswọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ọ̀nà tí Ubuntu ń gbà tọ́jú páswọ́ọ̀dù kò bá èyí tí Windows ń lò mu, nítorí náà Samba kò lè yá ti Ubuntu lò. Ẹni tó ní àkáǹtì lórí Ubuntu àmọ́ tí a kò tíì kọ sínú ìwé Samba, Samba kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá sì yí páswọ́ọ̀dù Ubuntu padà lónìí, ti Samba á ṣì wà níbi tó wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bínú sí Windows lórí èyí nígbà tí Windows kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ẹ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́, kí ẹ sì kó wọn sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ẹgbẹ́ náà ní `ise`, ká sì ní `sade` ni orúkọ ìwọlé ọ̀gá yín:

`sudo groupadd ise`
`sudo usermod -aG ise kunle`
`sudo useradd -M -s /usr/sbin/nologin -G ise sade`
`sudo smbpasswd -a kunle`
`sudo smbpasswd -a sade`

Ọ̀gá yín kì í jókòó sídìí Ubuntu, ìdí nìyẹn tí mo fi fi `-M` àti `nologin` sí tirẹ̀: kò ní fódà ilé, kò sì lè wọ Terminal, fáìlì nìkan ló ń bá wá. `smbpasswd` máa béèrè páswọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi lẹ́tà kéékèèké kọ orúkọ ìwọlé, láìsí àmì ohùn, láìsí àlàfo. Ẹ má sì gbàgbé lẹ́tà `a` inú `-aG`. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, `usermod` á yọ kunle kúrò nínú gbogbo ẹgbẹ́ mìíràn tó wà, títí kan `sudo`, ẹ ò sì ní lè fi àkáǹtì yẹn ṣe àkóso mọ́.

Lẹ́yìn náà, fódà:

`sudo mkdir -p /srv/ise`
`sudo chown root:ise /srv/ise`
`sudo chmod 2770 /srv/ise`

Bí fódà tí ẹ ń lò báyìí bá wà nínú `/home/kunle`, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Láti Ubuntu 21.04, fódà ilé tuntun máa ń ní ìyọ̀ǹda 750, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹlòmíràn kò lè kọjá nínú rẹ̀, bó ti wù kí fódà inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ tó. Díìsìkì àfikún tó jẹ́ NTFS, ètò díìsìkì ti Windows, náà ní ọ̀ràn tirẹ̀. `chmod` kì í sábà ràn án, ìgbà tí a bá ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, nínú `/etc/fstab`, la máa ń sọ ẹni tó ni ín. Bí Ubuntu nìkan ni díìsìkì náà wà fún, ext4, ètò díìsìkì ti Ubuntu, ló dára jù.

Nọ́ńbà 2 tó ṣáájú 770 ló ń mú kí fáìlì tuntun jẹ́ ti ẹgbẹ́ `ise`, láìka ẹni tó dá a sílẹ̀ sí. 770 ní tirẹ̀ sọ pé ẹni tó ni ín àti ẹgbẹ́ lè ṣe ohun gbogbo, ará ìta kò lè ṣe nǹkan kan.

Ó kan `/etc/samba/smb.conf`. Lábẹ́ `[global]`, yàtọ̀ sí `map to guest = never`, ẹ fi ìlà méjì yìí kún un nítorí Mac:

`vfs objects = catia fruit streams_xattr`
`fruit:metadata = stream`

Láìsí wọn, Mac á máa dá àwọn fáìlì kéékèèké tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `._` sílẹ̀ káàkiri, àwọn tó ń lo Windows á sì máa rò pé kòkòrò ti wọlé. Ní ìsàlẹ̀ fáìlì náà, ẹ wá kọ:

`[ise]`
`path = /srv/ise`
`valid users = @ise`
`read only = no`
`force group = ise`
`create mask = 0660`
`force create mode = 0660`
`directory mask = 2770`
`force directory mode = 2770`

Ẹ tẹ `testparm` kó bá yín wo àṣìkọ, kí ẹ tó tẹ `sudo systemctl restart smbd`.

Fáìlì tí a lè kà tí a kò lè tún ṣe

Bí ẹ bá wọ inú fódà àtijọ́ yín, tí ẹ tẹ `ls -l`, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí irú èyí:

`-rwxr--r-- 1 sade sade 48211 isuna.xlsx`

Ẹ wo lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta náà. `rwx` àkọ́kọ́ jẹ́ ti Sade, òun lè kọ ọ́. `r--` tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ẹgbẹ́, `r--` tó kẹ́yìn jẹ́ ti gbogbo ayé, kíkà nìkan sì ni méjèèjì. Ẹ tún kíyè sí i pé ẹgbẹ́ tó ni fáìlì ń jẹ́ `sade`, ẹgbẹ́ tí kò sí ẹlòmíràn nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ nǹkan mìíràn fún Samba, 0744 ni `create mask` rẹ̀, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin àti ọ̀gá yín gan-an nìyẹn. Mac gbà yín wọlé dáadáa, díìsìkì ló ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án. Ńṣe ló dà bí ilé tó ní géètì àti ilẹ̀kùn yàrá: `valid users` ni géètì, ìyọ̀ǹda fáìlì ni ilẹ̀kùn yàrá, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ méjèèjì.

Àwọn ìlà tí a kọ sókè yìí tọ́jú fáìlì tuntun nìkan. Fáìlì àtijọ́ kò ní yí padà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó wọn sínú `/srv/ise`, ẹ ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan:

`sudo chgrp -R ise /srv/ise`
`sudo find /srv/ise -type d -exec chmod 2770 {} +`
`sudo find /srv/ise -type f -exec chmod 660 {} +`

Bí ẹ bá tún tẹ `ls -l`, `-rw-rw---- 1 sade ise` ló yẹ kó jáde. Orúkọ Sade ṣì wà níbẹ̀, kò sì dí yín lọ́wọ́. Ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí orúkọ náà bá di `kunle` lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún fáìlì ṣe. Word àti Excel sábà máa ń kọ fáìlì tuntun, tí wọ́n á fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fi pamọ́ kẹ́yìn á sì di onífáìlì. Níwọ̀n ìgbà tí ẹgbẹ́ kò bá ti yí padà, kò séwu.

Ẹni tó bá ń jókòó sídìí Ubuntu fúnra rẹ̀ ló kù. Bó bá fi `mv` gbé fáìlì láti fódà ilé rẹ̀ wá sí `/srv/ise`, fáìlì náà á gbé ẹgbẹ́ àti ìyọ̀ǹda rẹ̀ àtijọ́ dání, Samba kò sì ní mọ̀ nípa rẹ̀, torí ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé. Ohun tó rọrùn jù ni kí òun náà ṣí `smb://localhost/ise` nínú Files, kó bá gbogbo ayé gba géètì.

Àwọn kan fẹ́ràn `force user`, tó ń sọ gbogbo fáìlì di ti ẹnì kan ṣoṣo. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bí fáìlì bá ti di ti ẹnì kan, ẹ ò ní fi `ls` mọ ẹni tó fọwọ́ kàn án kẹ́yìn mọ́. Fún ọ́fíìsì bíi tiyín, `force group` tó.

Kí ẹ tó lọ sídìí Windows

Ẹ dán an wò lórí Ubuntu ná, kí ẹ lè mọ ẹni tó ni ẹ̀bi:

`smbclient //localhost/ise -U kunle`

Bí ó bá sọ `NT_STATUS_LOGON_FAILURE`, orúkọ tàbí páswọ́ọ̀dù ni, ẹ padà sídìí `smbpasswd`. `NT_STATUS_ACCESS_DENIED` túmọ̀ sí pé ó dá yín mọ̀ àmọ́ ẹ ò sí nínú ẹgbẹ́, tàbí díìsìkì ló kọ̀. `NT_STATUS_BAD_NETWORK_NAME` ní tirẹ̀, ẹ ṣi orúkọ fódà kọ, tàbí ojú ọ̀nà tó wà ní `path` kò sí. Tí ó bá wọlé, tí `ls` sì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, Ubuntu ti parí iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ufw, ògiri ààbò Ubuntu, bá wà ní títàn, ẹ ṣí ojú ọ̀nà fún àwọn tó wà nínú ọ́fíìsì nìkan:

`sudo ufw allow from 192.168.1.0/24 to any port 445 proto tcp`

Ẹ fi nọ́ńbà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tiyín rọ́pò temi. Bí a kò bá ṣí i, àṣìṣe 53 ni Windows máa fún yín. Ẹ má ṣí port 445 sí íntánẹ́ẹ̀tì lórí ráútà láé. Inú ráútà yẹn kan náà ni kí ẹ ti fún Ubuntu ní àdírẹ́sì tí kò ní máa yí padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí iná bá lọ tó sì dé, Ubuntu lè gba nọ́ńbà mìíràn, kí gbogbo ènìyàn sì máa wá fódà kiri.

Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt lásán. Ẹ má ṣí ti alákòóso, torí díráìfù tí a bá so láti ibẹ̀ kì í hàn nínú File Explorer. Ẹ kọ́kọ́ tú gbogbo ìsopọ̀ àtijọ́ ká:

`net use * /delete`
`cmdkey /list`

`cmdkey` máa fi orúkọ tí Windows ti tọ́jú hàn yín. Bí 192.168.1.10 bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí kò tọ́, ẹ fi `cmdkey /delete:192.168.1.10` pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà:

`cmdkey /add:192.168.1.10 /user:kunle /pass`
`net use Z: \\192.168.1.10\ise /persistent:yes`

Ẹ má kọ páswọ́ọ̀dù mọ́ `/pass`, ó máa béèrè fúnra rẹ̀. Ohun kan tó ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn: ohun tí ẹ kọ sí `/add:` gbọ́dọ̀ bá ohun tí ẹ máa tẹ̀ mu gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá fi nọ́ńbà kọ ọ́, tí ẹ wá fi orúkọ kọ̀ǹpútà ṣí i, Windows á kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, á sì tún fi ímeèlì yín kan ilẹ̀kùn.

Ti Mac kò gba àkókò. Nínú Finder, ẹ tẹ Command àti K, ẹ kọ `smb://192.168.1.10/ise`, ẹ yan Registered User, kì í ṣe Guest, ẹ pa "adekunleo" tí Mac ti kọ síbẹ̀ rẹ́, kí ẹ fi `kunle` rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó tọ́jú rẹ̀ sínú Keychain. Bí ó bá ti wà ní ìsopọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi Eject já a.

Bí Windows ló bá ni fódà

Òfin kan náà ni, Windows ló máa di oníwèé. Ẹ dá àkáǹtì abẹ́lé tó ní páswọ́ọ̀dù sílẹ̀ lórí rẹ̀ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. PIN kì í ṣiṣẹ́ láti orí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, orí kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló mọ, àkáǹtì tí kò sì ní páswọ́ọ̀dù, Windows kì í gbà á wọlé láti ìta. Ìyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ wà níbi méjì, nínú Sharing àti nínú Security. Láti Mac tàbí Ubuntu, ẹ kọ orúkọ kọ̀ǹpútà mọ́ orúkọ ìwọlé, bíi `DESKTOP-OFFICE\sade`, kí Windows má baà wá a níbòmíràn.

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé NFS, ọ̀nà mìíràn tí kọ̀ǹpútà fi ń jọ lo fódà, yára ju èyí lọ. Lórí NFS lásán, a kì í béèrè orúkọ tàbí páswọ́ọ̀dù, nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fún ẹni tó ń lò ó nìkan ló ń rìn. Ẹni àkọ́kọ́ lórí Mac ń jẹ́ 501, ẹni àkọ́kọ́ lórí Ubuntu ń jẹ́ 1000, nítorí náà ẹ̀yin kan náà máa di àjèjì sí fáìlì yín. `all_squash` pẹ̀lú `anonuid` àti `anongid` lè sọ gbogbo wọn di ẹnì kan, àmọ́ pẹ̀lú Windows láàárín yín, ẹ dúró sórí Samba.

Orúkọ fáìlì fúnra rẹ̀ ló kù, ó sì kàn wá ju ẹlòmíràn lọ. Windows kò gba `: ? * " < > |` nínú orúkọ, Ubuntu gbà wọ́n. Ti Yorùbá ni pé a lè kọ ẹ́ ní ju ọ̀nà kan lọ: kíbọọ̀dù kan lè fi ẹ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ ránṣẹ́, kó wá fi àmì ohùn lé e, òmíràn lè fi é ránṣẹ́ kó wá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Lójú wa, bákan náà ni. Lójú Ubuntu, fáìlì méjì ni, ẹ sì lè rí "Ètò ẹ̀kọ́.docx" méjì tí orúkọ wọn kò yàtọ̀ nínú fódà kan. Ẹ fi `convmv`, irinṣẹ́ tó ń sọ ọ̀nà ìkọ orúkọ fáìlì di ọ̀kan, sí Ubuntu, kí ẹ tẹ èyí:

`convmv -f utf8 -t utf8 --nfc -r /srv/ise`

Ó máa kàn fi ohun tó fẹ́ yí padà hàn yín ni. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi `sudo` síwájú rẹ̀, kí ẹ fi `--notest` kún un, kó lè ṣe é gan-an. Níbi tí orúkọ méjì bá ti fẹ́ di ọ̀kan, ẹ ṣí fáìlì méjèèjì wò, kí ẹ fi ọwọ́ yí orúkọ ọ̀kan padà.